Ìdí Káńtà Ni Bodè Àkọ́kọ́ Wà: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹni Tó Ń Lọ Sókè Òkun Fún Ìgbà Àkọ́kọ́

Ẹni tó bá ń múra àtilọ sókè òkun fún ìgbà àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de tó máa bá lọ́hùn-ún ló sábà máa ń bà á lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan wà tó máa kọ́kọ́ bá pàdé, tó lè dá a padà sílé kó tó fojú kan bàálù rárá. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bàálù tó wà nídìí káńtà ni, ẹni tó ń gba pásípọ́ọ̀tù, tó ń wọn ẹrù.

Bí iléeṣẹ́ bàálù bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ ò pé dé orílẹ̀-èdè kan, òun náà ló máa gbé e padà, ọ̀pọ̀ ìjọba sì máa ń bu owó ìtanràn lé e. Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ yìí fi máa ń le. Ó máa tẹ orílẹ̀-èdè tó fún yín ní pásípọ́ọ̀tù, ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ àti ibi tẹ́ ẹ ti máa pààrọ̀ bàálù sínú Timatic, ìyẹn àkójọ òfin ìwọ̀lú tí IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ bàálù lágbàáyé, ń bójú tó. Bí kọ̀ǹpútà bá ti ní ìwé yín ò pé, ẹ̀bẹ̀ ò ràn án, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì lè wọgbó. Ìdí káńtà yẹn ni kẹ́ ẹ máa rò bẹ́ ẹ bá ń ṣètò gbogbo ohun tó kù.

Pásípọ́ọ̀tù àti orúkọ inú rẹ̀

Pásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé ṣì lè dá èèyàn dúró. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló fẹ́ kó ku oṣù 6, ó kéré tán, lórí rẹ̀. Ní ti àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, tí wọ́n jẹ́ 29 báyìí, oṣù 3 lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ń wò, wọn ò sì gba èyí tó ti ju ọdún 10 lọ tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n tún fẹ́ ojú ìwé méjì tó ṣófo. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa ṣe tuntun, ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù físà, torí nọ́ńbà tuntun ló máa wà lára pásípọ́ọ̀tù tuntun, ti àtijọ́ tẹ́ ẹ bá sì ti kọ sínú fọ́ọ̀mù á wá di wàhálà.

Ẹ ṣí ojú ìwé tí fọ́tò yín wà, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìlà méjì kan wà níbẹ̀ tó dà bí àdììtú, àmì < kún inú rẹ̀. Lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì 44 ló wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà P ló bẹ̀rẹ̀ ìlà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lẹ́tà mẹ́ta tó dúró fún orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn náà orúkọ ìdílé, lẹ́yìn náà << méjì, kó tó wá kan àwọn orúkọ yín yòókù, pẹ̀lú < kan ṣoṣo láàárín wọn. Ohun tí ẹ̀rọ ń kà nìyẹn, ohun tó sì gbọ́dọ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ohun tó bá ṣáájú << ni kẹ́ ẹ kọ síbi «Surname», ohun tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ kọ síbi «Given names». Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn gbé ọ̀kan sípò èkejì, tàbí kí ìyàwó tuntun fi orúkọ ọkọ ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tó jẹ́ pé orúkọ bàbá rẹ̀ ló ṣì wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Iléeṣẹ́ bàálù lè bá yín tún lẹ́tà kan tàbí méjì ṣe. Odindi orúkọ ìdílé tó yàtọ̀, ẹlòmíì ló máa jẹ́ lójú tiwọn.

Ẹ ṣọ́ra fún déètì náà. Lórí fọ́ọ̀mù àwọn ará Amẹ́ríkà, oṣù ló sábà máa ń ṣáájú ọjọ́, torí náà 04/05 lọ́dọ̀ wọn ni ọjọ́ 5 oṣù kẹrin. Ní ibi púpọ̀ láyé, ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni. Bí fọ́ọ̀mù bá fún yín láàyè láti mú oṣù ní orúkọ, ẹ mú un ní orúkọ.

Físà: ẹ ka ọjọ́ bí ẹni ka owó

Ti Schengen ni màá fi ṣàpẹẹrẹ, torí ìṣirò rẹ̀ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà jù. Ẹ lè fìwé sílẹ̀ láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ tó dín sí 15. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ wọ́n lè fà á dé 45. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti ń ta tẹ́tẹ́ nìyẹn. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ yúrò 90 láti oṣù kẹfà ọdún 2024, ìwé adójútòfò ìlera tẹ́ ẹ sì máa mú dání gbọ́dọ̀ lè san tó yúrò 30,000, kó sì bo gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò. Orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ti máa pẹ́ jù ni ẹ máa fìwé sí. Bí ọjọ́ wọn bá dọ́gba, ẹ fi í sí èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa wọ̀.

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà kí físà tó jáde. Ìjókòó tí wọ́n bá yín fi pamọ́ ti tó fún fọ́ọ̀mù náà. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ ojúlówó, torí nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ìfipamọ́ ìjókòó yẹn ṣeé yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú kan. Ayédèrú ìwé tó bá tú nídìí físà, ó máa ń bá èèyàn lọ sídìí físà míì.

Bí físà bá jáde, ẹ kà á níwájú ẹni tó fún yín. Nǹkan mẹ́ta ni kẹ́ ẹ wò: FROM àti UNTIL (ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí), DURATION OF STAY (iye ọjọ́ tẹ́ ẹ lè lò), àti NUMBER OF ENTRIES (iye ìgbà tẹ́ ẹ lè wọlé). Ká ní ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ló wà lára rẹ̀, tí ọjọ́ tẹ́ ẹ lè lò sì jẹ́ 10. Ọjọ́ 10 ni tiyín, ọjọ́ 25 kọ́. Bẹ́ ẹ bá wọlé lọ́jọ́ 5 ní aago 11 ààbọ̀ alẹ́, ọjọ́ kan ti lọ nínú rẹ̀ nìyẹn, ọjọ́ 14 lẹ sì gbọ́dọ̀ jáde. Ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìjáde, méjèèjì ni wọ́n ń kà. Bí ENTRIES bá jẹ́ 01, tẹ́ ẹ wá gba Paris wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí London, ẹ ò lè padà sí Paris mọ́, torí ìlú ọba ò sí nínú Schengen. Físà ìlú ọba náà sì lọ́tọ̀. Kódà ẹni tí físà rẹ̀ gùn, ọjọ́ 90 péré ló lè lò láàárín ọjọ́ 180 èyíkéyìí.

Ti Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀. Déètì tó wà lára físà wọn ń sọ ìgbà tẹ́ ẹ lè dé ẹnu bodè ni, kò sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa kúrò. Òṣìṣẹ́ ẹnu bodè ló máa fún yín ní ọjọ́ ìkúrò, ó sì máa wà nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-94, tẹ́ ẹ lè wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tẹ́ ẹ débẹ̀, kẹ́ ẹ lè tètè pariwo bí àṣìṣe bá wà.

Tíkẹ́ẹ̀tì, àti ibi tẹ́ ẹ ti máa pààrọ̀ bàálù

Bàálù tó máa gbéra ní 00:30 lọ́jọ́ 12, alẹ́ ọjọ́ 11 lẹ máa wà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ̀rín máa ń pa àwọn tó bá gbọ́ èyí, títí tó fi máa kan ẹni tó dé lálẹ́ ọjọ́ 12, tí bàálù rẹ̀ ti lọ látàárọ̀ kùtù. Bẹ́ ẹ bá sì rí +1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tẹ́ ẹ máa dé, ọjọ́ kejì lẹ máa dé, kẹ́ ẹ má lọ fi òru kan tẹ́ ẹ ò sùn san owó òtẹ́ẹ̀lì. Aago ìlú tí bàálù bá wà ló máa ń wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ti ilé.

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí owó wọn dín gan-an máa ń wu èèyàn. Èmi ò ní gba ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ nímọ̀ràn rẹ̀. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́ tí èkejì sì lọ, iléeṣẹ́ bàálù ló máa wá òmíì fún yín, ẹrù yín náà sì sábà máa ń lọ tààrà dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ̀yin lẹ máa lọ gba ẹrù, ẹ máa tún un wọn, ìyẹn sì lè gba pé kẹ́ ẹ wọ orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ kàn fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ó di kẹ́ ẹ ní físà rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, kódà bó jẹ́ wákàtí méjì lẹ máa lò láti pààrọ̀ bàálù, ẹ máa gba ọ̀dọ̀ ìwọlé-wọ̀de kọjá, torí náà ẹni tí pásípọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń béèrè físà gbọ́dọ̀ ní in. Nídìí káńtà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbọ́ èyí fún ìgbà àkọ́kọ́.

Inú àpò

Ohun olómi tó bá máa bá yín wọ inú bàálù, ike milílítà 100 ni òfin tó ṣì wọ́pọ̀ jù, gbogbo wọn nínú ọ̀rá lítà kan tó mọ́ gaara. Bí ike ṣe tóbi tó ni wọ́n ń wò: ike 200 tí ìpara ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀, wọ́n á jù ú nù.

Páwá báǹkì ò gbọ́dọ̀ sí nínú àpótí tẹ́ ẹ máa fà lé wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ yín ló máa wà, torí bó bá gbiná lọ́dọ̀ yín, àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù á lè pa á. Watt-wákàtí 100, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà, ló pọ̀ jù tẹ́ ẹ lè mú láìgba àṣẹ. Ẹ sọ nọ́ńbà mAh tó wà lára rẹ̀ di ìlọ́po 3.7, kẹ́ ẹ wá fi 1,000 pín in. Ti 20,000 jẹ́ 74, ó lọ. Ti 30,000 jẹ́ 111, iléeṣẹ́ bàálù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó wọlé.

Oògùn ló gbẹgẹ́ jù. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀, kẹ́ ẹ mú ìwé dókítà dání, kẹ́ ẹ sì wo òfin ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Tramadol àti oògùn ikọ́ tó ní codeine gba àṣẹ tẹ́lẹ̀ kó tó wọ United Arab Emirates. Ní Japan, oògùn tó bá ní amphetamine ò wọlé rárá, kódà pẹ̀lú ìwé dókítà. Bí orílẹ̀-èdè náà bá ń béèrè káàdì àjẹsára ibà pọ́njú, ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó gbà á lánàá, bíi pé kò gbà á ni. Àmọ́ láti ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan náà tó fún gbogbo ọjọ́ ayé.

Owó àti fóònù

Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó lórí káàdì bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ san án ní owó ìlú yín tàbí owó ìlú tẹ́ ẹ wà, owó ìlú tẹ́ ẹ wà ni kẹ́ ẹ mú. Bẹ́ ẹ bá mú tiyín, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló máa dá iye tí wọ́n á fi ṣẹ́ ẹ lé e, kì í sì í ṣe ojúure ló ń ṣe yín. Owó ẹ̀wẹ̀, kò sófin tó ní kẹ́ ẹ má mú u púpọ̀ wọ Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà. Pé ẹ ò sọ ni ẹ̀ṣẹ̀: láti yúrò 10,000 sókè fún Yúróòpù, bó bá ti ju dọ́là 10,000 fún Amẹ́ríkà.

Ẹ má yọ síìmù ilé sọnù. Orí rẹ̀ ni báńkì máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó, torí náà ẹ ṣí i sílẹ̀ fún àtẹ̀jíṣẹ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ wá ra dátà ti ibẹ̀ sórí èkejì. Ẹ wo ara ṣájà yín: bí INPUT 100–240V bá wà níbẹ̀, orí ìpulọ́ọ̀gì nìkan lẹ nílò. Ẹ̀rọ ìgbẹrun tó jẹ́ 220V nìkan ò ní ṣiṣẹ́ dáadáa lórí iná 120V Amẹ́ríkà. Ẹ fi sílẹ̀ nílé.

Bẹ́ ẹ bá ti débẹ̀

Àwọn orílẹ̀-èdè kan fẹ́ kẹ́ ẹ ti kún fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọjọ́ 3 ṣáájú. Singapore àti Thailand wà lára wọn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìkànnì tó bá ní kẹ́ ẹ san owó fún un, kì í ṣe ti ìjọba.

Ìdáhùn kúkúrú ló dáa lọ́dọ̀ ìwọlé-wọ̀de: ibi tẹ́ ẹ máa dé sí, iye ọjọ́, ẹni tó ń sanwó, ọjọ́ ìpadà. Ohun tẹ́ ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù físà ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ kọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ẹni tó ń gbà yín sórí bébà, nítorí fóònù lè kú. Lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, ẹ sọ oúnjẹ èyíkéyìí tó bá wà lọ́wọ́ yín. Ní New Zealand, èso kan tẹ́ ẹ gbàgbé sínú àpò tẹ́ ẹ ò sọ lè di ìtanràn dọ́là ilẹ̀ wọn 400 lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá sọ, wọ́n á kàn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni, tàbí kí wọ́n dá a padà fún un.

Bí àpótí yín ò bá jáde lórí bẹ́líìtì, ẹ má tíì kúrò nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ẹ wá tábìlì iléeṣẹ́ bàálù tó gbé yín dé kẹ̀yìn, kẹ́ ẹ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní Property Irregularity Report, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́rìí pé ẹrù yín ò dé, kẹ́ ẹ sì fi bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ fún yín nídìí káńtà hàn wọ́n. Ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rà nítorí pé àpótí ò dé. Lábẹ́ àdéhùn Montreal, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìrìn àjò bàálù, bí ó bá bàjẹ́, ọjọ́ 7 lẹ ní láti kọ̀wé ẹ̀sùn. Bí ó bá pẹ́ kó tó dé, ọjọ́ 21 ni, láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún yín. Bí ọjọ́ 21 bá sì kọjá láìrí i, ó ti di ẹrù tó sọnù lójú òfin, ẹ wá lè béèrè owó rẹ̀.