Ẹ Bi Tábìlì Léèrè Kí Ẹ Tó Ro Owó Pọ̀

Tí ẹ bá ń kọ́ SQL, èdè tí a fi ń bi dátà léèrè, tí ẹ sì ń wá dátà ọjà gidi tí ẹ máa fi dánra wò, ẹ lọ wa ti Olist sílẹ̀ lórí Kaggle, ìkànnì tí wọ́n ń kó dátà sí. Ilé iṣẹ́ kan ní Bràsíl ni, tó ń bá àwọn ọlọ́jà tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nǹkan bí ọ́dà 100,000 ló wà níbẹ̀, láti 2016 dé 2018, wọ́n sì ti yọ orúkọ àwọn oníbàárà kúrò. SQLite, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń tọ́jú dátà, ni mo fi ń ṣí i. Inú fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ ń gbé, kò bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Fún àwa tí a wà ní Ìbarà, tí iná ń ṣe wá bó ṣe wù ú, kékeré kọ́ nìyẹn.

Àmọ́ kí ẹ tó kọ SUM (àṣẹ tó ń ro iye pọ̀) kankan, ẹ bi tábìlì náà léèrè: ìlà kan nínú ẹ, kí ló dúró fún? Mi ò tíì rí ìbéèrè tó ju èyí lọ nínú iṣẹ́ yìí. Nínú order_items, ìlà kan jẹ́ ọjà kan nínú ọ́dà. Nínú order_payments, ìlà kan jẹ́ owó kan tí wọ́n san lórí ọ́dà. Ẹni tó bá fi káàdì san díẹ̀, tó fi voucher san ìyókù, ìlà méjì ló ní.

Ìsọ̀ àǹtí mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ni mo máa ń fi ṣàlàyé ẹ̀. Ká ní obìnrin kan ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ 9,000 náírà àti àdìrẹ oníko 6,000. Ó ṣe transfer 10,000, ó ka 5,000 tó kù lé àǹtí mi lọ́wọ́. Ọjà méjì, owó méjì. Ẹ wá fi JOIN so tábìlì méjèèjì pọ̀ lórí order_id (nọ́ńbà ọ́dà): ọjà kọ̀ọ̀kan á lọ lẹ̀ mọ́ owó kọ̀ọ̀kan, ìlà á di mẹ́rin. Ẹ ro owó tí wọ́n san pọ̀, 30,000 lẹ máa bá. Ẹ ro iye ọjà pọ̀, 30,000 náà ni! Ibi tó ti léwu nìyẹn, torí ẹni tó bá fi ọ̀kan yẹ èkejì wò á ní ìṣirò pé. SQLite náà ò sì ní sọ nǹkan kan.

Ẹ kọ́kọ́ kó owó ọ́dà kọ̀ọ̀kan jọ sójú kan:

WITH owo AS (
  SELECT order_id, SUM(payment_value) AS san
  FROM order_payments
  GROUP BY order_id
)

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún order_items náà, kó lè jẹ́ ìlà kan fún ọ́dà kan níhà méjèèjì, kí ẹ tó ṣe JOIN. Àwọn kan máa ń sáré lọ bá SUM(DISTINCT price), tó ń ka iye tó bá dọ́gba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má dán an wò o. Tí ẹnìkan bá ra ẹlẹ́kọ méjì tí iye wọn dọ́gba, ọ̀kan á pòórá.

Tí ẹ bá to ọ́dà sí oṣooṣù, ẹ máa rí i pé ó ga fíofío ní oṣù kọkànlá 2017. Black Friday, ọjọ́ ẹ̀dínwó ńlá, wà nínú oṣù yẹn. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, ó já wálẹ̀ pátápátá. Ọjà ò kú o, ibẹ̀ ni dátà ń tán lọ.

Ti àwọn oníbàárà ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ fi customer_id (nọ́ńbà oníbàárà) ṣe GROUP BY, ìyẹn ni pé kí ẹ kó àwọn ìlà jọ lórí ẹ̀, kí ẹ ní HAVING COUNT(*) > 1, kó mú kìkì àwọn tó yọjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: kò ní sí ìlà kankan. Ṣé kò wá sẹ́ni tó padà wá rajà ni? Wọ́n padà wá. Gbogbo ọ́dà ni wọ́n ń fún ní customer_id tuntun, ìbáà jẹ́ ẹnìkan náà ló ń rà á. Inú tábìlì customers ni customer_unique_id wà, òun ló mọ èèyàn. Ẹ lò ó, àwọn tó padà wá á yọjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò pọ̀.

Òdìkejì ẹ̀ gan-an ló wà nínú ìwé àǹtí mi. “Ìyá Ìbejì” wà níbẹ̀ láìmọye ìgbà, bẹ́ẹ̀ èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Mo ní kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà fóònù sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ, kí n lè bá wọn wo àwọn tó ń padà wá. Wọ́n ní àwọn dá gbogbo wọn mọ̀ lójú, àti pé nọ́ńbà oníbàárà àwọn ò ní wọnú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni.