Ẹ ti ta mọ́tò yín ní UK, ṣé DVLA ti gbọ́?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ra mọ́tò tàbí tí ẹ ń tà á ní Ìlú Ọba, kì í ṣe ti dealer ni mò ń sọ o, ti ẹnì kan sí ẹnì kejì ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń rà tí mo sì ń tà, mi ò fi ṣòwò, mọ́tò ilé lásán ni, bí ọmọ ṣe ń pọ̀ là ń pààrọ̀ ẹ̀, ohun tí mo sì rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé tí owó bá ti wọ àkáùntì, tí kọ́kọ́rọ́ sì ti kúrò lọ́wọ́ ẹni, ó parí nìyẹn. Kò tíì parí o. Orúkọ tó bá wà lọ́dọ̀ DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀ ní Swansea, ni ìjọba mọ̀, òun náà ni wọ́n á máa kọ lẹ́tà sí.

Nígbà tí mo ta Yaris wa, ọmọ Yorùbá bíi tiwa kan ló rà á, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ nínú car park. Aláàtì wọlé, mo yẹ àkáùntì wò fúnra mi (ẹ má gba screenshot lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o, ọmọ pásítọ̀ ì báà jẹ́), ló bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó logbook náà fún mi, màá fi ránṣẹ́ tí mo bá délé." (Logbook ni ìwé tí DVLA kọ orúkọ ẹni tí mọ́tò wà lọ́wọ́ ẹ̀ sí.) Mo ní, "Àbúrò, má bínú, dúró ná." Mo gbé fóònù jáde, mo wọ gov.uk, mo tẹ nọ́ńbà mọ́tò, mo tẹ nọ́ńbà oní-díjíìtì 11 tó wà lára logbook, orúkọ ẹ̀, àdírẹ́sì ẹ̀, ímeèlì ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lọ, kí n tó gbójú sókè ímeèlì ti wọ fóònù tiẹ̀. Mo wá ya bébà aláwọ̀ ewé tó wà fún ẹni tó ń rà á kúrò lára logbook, mo fún un, ìyókù di yíya nígbà tí mo délé. Ó ń rẹ́rìn-ín pé ẹ̀gbọ́n yìí le o. Ẹ jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín.

Ó wá béèrè bóyá tax ṣì wà lórí ẹ̀. Rárá, láti October 2014 ni tax kì í ti í bá mọ́tò lọ mọ́, ẹni tó tà á ni ìjọba máa dá owó oṣù tó bá kù padà fún, ẹni tó rà á á san tiẹ̀ kó tó gbé mọ́tò kúrò níbẹ̀, nọ́ńbà oní-díjíìtì 12 tó wà lára bébà aláwọ̀ ewé yẹn ló máa fi san án. Inú mọ́tò níbẹ̀ ló jókòó sí tó ti san án, tó sì ra ìnṣọ́ránsì lórí fóònù, ká tó juwọ́ síra wa. Ẹ má fojú kéré ìnṣọ́ránsì o, ìtanràn £300 àti pọ́ìntì 6 lórí láìsẹ́ǹsì ni tí ọlọ́pàá bá dá yín dúró láìní in, wọ́n sì lè gbé mọ́tò náà lọ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó gba láìsẹ́ǹsì níbí, pọ́ìntì 6 yẹn nìkan ti tó láti gba láìsẹ́ǹsì ọ̀hún lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹnì kan tí mo mọ̀ ní London ta mọ́tò diesel àtijọ́ kan, ẹni tó rà á ní òun á bá DVLA sọ ọ́, kò sọ nǹkan kan. Ńṣe ló ń wà á kiri inú ULEZ, agbègbè London tí mọ́tò tí èéfín ẹ̀ burú ti ń sanwó, láìsan £12.50 òòjọ́, ìtanràn £180 lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ilé ẹni tó ti tà á ni lẹ́tà ń já sí, ìyàwó ẹ̀ ló sì ń ṣí wọn. Rìsíìtì tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, tó ní ọjọ́ àti aago nínú, ló yọ ọ́. Ká má tiẹ̀ sọ pé àìsọ fún DVLA nìkan lè di ìtanràn tó tó £1,000.

Tí ẹnì kan bá fẹ́ wa mọ́tò yín wò, ẹ béèrè ìnṣọ́ránsì ẹ̀ kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Tí kò bá ní, ẹ̀yin tí ẹ gbà á láyè náà ti rúfin. Títa mọ́tò tí kò yẹ kó rìn lójú títì náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìrìnnà 1988. Àwọn tó máa ń kọ "sold as seen" (bí ẹ ṣe rí i lẹ ṣe rà á) kiri sì ńkọ́? Kì í bo irọ́ o. Tí wọ́n bá bi yín bóyá mọ́tò náà ti ní jàǹbá rí, tí ẹ ní rárá, tó sì ti ní in, wọ́n lè pè yín lẹ́jọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà ló yẹ kí ẹ la ojú jù, torí òfin tó ń gba oníbàárà lọ́wọ́ dealer tó ta ọjà tí kò dáa fún un, kò bo ọjà ẹni sí ẹni. Ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò wo ìtàn MOT ẹ̀ (àyẹ̀wò mọ́tò tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún) ní gov.uk, ọ̀fẹ́ ni. Mo lọ wo ọ̀kan ní Luton, máìlì 78,000 ni dashboard ń kà, MOT ẹ̀ àtijọ́ ti kọ 112,000. Mo kí ọ̀gbẹ́ni náà dáadáa, mo wọ train padà sílé. Logbook kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tó ń tà á ló ni ín, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ gbàǹgbà. Ẹ san owó díẹ̀ kí wọ́n bá yín wò ó bóyá gbèsè wà lórí ẹ̀, pàápàá logbook loan, ìyẹn owó tí wọ́n fi mọ́tò dúró yá, torí ní England ẹni tó yá wọn lówó ṣì lè wá gbé e lẹ́yìn tí ẹ ti rà á tán. Ilé tí àdírẹ́sì ẹ̀ wà nínú logbook sì ni kí ẹ ti lọ wò ó, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ Tesco.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á láti fi ránṣẹ́ sí Èkó, abala permanent export (gbígbé mọ́tò kúrò ní UK pátápátá) wà nínú logbook. Ẹ kọ ọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí Swansea fúnra yín kí ajẹ́ǹtì tó gbé mọ́tò lọ sí Tilbury, ìyókù logbook ni kó bá mọ́tò lọ, wọ́n á béèrè ẹ̀ nílé. Oṣù tax tó bá kù, wọ́n á dá a padà fún yín.