Máàkì tó tọ́ sí i
Lónìí ní kílíníìkì eyín, ọmọbìnrin kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ yọ eyín fún ìyá àgbà kan. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ lòun, pé èmi ni mò ń bójú tó òun. Ó fi eyín náà hàn wọ́n nínú díńgí, ó ṣàlàyé abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn wọ́n, ó wá béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ gbà kí n ṣe é?"

Màmá ní ẹ̀rù ń ba àwọn. Kò kánjú rárá, ó dúró tì wọ́n títí ọkàn wọn fi balẹ̀.

Inú mi dùn gan-an! Gbígba àṣẹ lẹ́nu aláìsàn ní máàkì tirẹ̀ nínú ìdánwò wa, bíi ti ọwọ́ fífọ̀. Mo fún un ní gbogbo rẹ̀, mo sì kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀.