Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo kó ọmọ mi lọ wo reluwé ní Yorkshire

Gáàdì reluwé ni bàámi. Kọ́tásì reluwé ní Òṣogbo ni wọ́n ti tọ́ wa, níbi tí fèrè ọkọ̀ ti ń jí wa kí àkùkọ tó kọ. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo owó tí wọ́n bá ta á lọ́rẹ ra reluwé kéékèèké tó ń fi iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì rìn, mi ò bá a jà. Mo mọ ibi tó ti jogún rẹ̀. Manchester ní England là ń gbé, agbègbè Yorkshire kò sì jìnnà sí wa. Ohun tó jẹ mọ́ reluwé pọ̀ níbẹ̀ débi pé èèyàn lè fi odidi ọ̀sẹ̀ kan rìn ín kó má tán. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti lọ. Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ìkejì sì dùn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òbí tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, àti ẹ̀yin àgbàlagbà tí ẹ ń fi ọmọ bojú.

Oṣù kọkànlá ni mo kọ́kọ́ mú un lọ. Ilé ìwé wọn ti ọjọ́ méjì, èmi náà gba ààyè níbi iṣẹ́. Mo ṣí máàpù, mo fi ìka tọ́ ibi mẹ́rin, mo ní ọjọ́ méjì á tó. Ọkọ mi ò bá wa lọ o. Ó ní ọkọ̀ ojú irin tí òun ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ti tó òun. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ń rọ̀ wínníwínní, a dé ibùdó kékeré kan lójú ọ̀nà irin àtijọ́, níbi tí ọkọ̀ tó ń jó èédú ṣì ti ń rìn, tí mo ti ń fi yangàn fún ọmọ náà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Géètì wà ní títì pa. Bàbá arúgbó kan ń kun bẹ́ǹṣì ní ọ̀dà lábẹ́ òrùlé. Ó wò wá tàánútàánú, ó ní ọkọ̀ kankan ò ní í rìn títí di Sátidé. A tún gba bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta reluwé ìṣeré, ìrìn ogójì ìṣẹ́jú. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ló kí wa káàbọ̀: Ọjọ́bọ̀ sí Sátidé nìkan ni wọ́n ń ṣí. Ọmọ náà ò sunkún. Dídákẹ́ tó dákẹ́ ló dùn mí ju ẹkún lọ.

Mi ò lè bínú sí ẹnikẹ́ni, nítorí àkókò tí ọkọ̀ ń rìn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbayawu, èmi ni mi ò wò ó. Mo rò pé reluwé ni reluwé ń jẹ́, pé tí irin bá ti wà nílẹ̀, ọkọ̀ á máa kọjá. Àwọn ọ̀nà irin àtijọ́ wọ̀nyí ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìjọba ló ti pa wọ́n tì láàárín ọdún 1960 sí 1970, kí àwọn ará ìlú tó dáwó jọ, tí wọ́n sì gbà wọ́n padà. Àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di òní: olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, dókítà, mẹkáníìkì, ọmọ ilé ìwé. Ẹni tó ń da èédú sínú iná lónìí lè wà ní báńkì lọ́jọ́ Ajé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ àti àkókò ọlidé ni ọkọ̀ wọn máa ń rìn jù, ó máa ń pọ̀ nígbà ooru, ó sì máa ń ṣọ̀wọ́n nígbà òtútù.

Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, mi ò fọwọ́ kan máàpù rárá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kàlẹ́ńdà ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà irin yìí ló ń fi àwọ̀ sí kàlẹ́ńdà wọn, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní àkókò ọkọ̀ tirẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá ní àwọ̀, ẹ má wulẹ̀ lọ. Mo kọ ọjọ́ tí ọ̀nà irin kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, mo kọ ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n tó wo bí ibì kan ṣe jìnnà sí èkejì. Bó ṣe tò ara rẹ̀ nìyẹn: mùsíọ́ọ̀mù ní àárín ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ eléèéfín ní òpin ọ̀sẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán Sátidé.

Ẹ tún wo irú orí ọkọ̀ tó máa fa kọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni eléèéfín máa ń jáde. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú gan-an, ẹ̀ta iná tó ń fò láti ẹnu ẹ̀ńjìnì lè ran koríko, nítorí bẹ́ẹ̀ wọ́n lè fi èyí tó ń lo dísù rọ́pò rẹ̀. Èmi ò rí ohun tó burú nínú dísù, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Leeds la dé sí, ibẹ̀ náà la sì ti ń jáde tí a tún ń padà wá sùn lójoojúmọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti máa yí ilé ìtura padà lálaalẹ́ tẹ̀yin tọmọ. Láti Leeds, bí ìdajì wákàtí ni reluwé fi ń dé York, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ dé Keighley, níbi tí a ti wọ ọkọ̀ eléèéfín. Tí ẹ bá jẹ́ ìdílé, ẹ ra káàdì reluwé tí wọ́n ń pè ní Family & Friends: ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lára owó àgbàlagbà, ó sì ń yọ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára ti ọmọdé. Tiwa ti san owó ara rẹ̀ padà kí a tó lo ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé gbogbo ọ̀nà irin àtijọ́ ló máa gbà á, tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn yàtọ̀.

York la kọ́kọ́ lọ, ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. National Railway Museum wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ reluwé gan-an, láti 1975 ló ti wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Ọgbà tí wọ́n ti ń tún orí ọkọ̀ ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di mùsíọ́ọ̀mù. Àwo ńlá tó ń yí ọkọ̀ po ṣì wà láàárín gbọ̀ngàn, tí àwọn ẹ̀ńjìnì tò yí i ká bí ọmọ tó jókòó ti ìyá àgbà nígbà àlọ́. Ẹ̀ńjìnì eléèéfín tí wọ́n ń pè ní Mallard wà níbẹ̀, aláwọ̀ búlúù, èyí tó sáré màílì 126 ní wákàtí kan lọ́jọ́ kẹta oṣù keje ọdún 1938. Títí di òní, kò sí ọkọ̀ eléèéfín mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí pé ó yára jù ú lọ. Reluwé ayárabíàṣá Japan kan náà wà níbẹ̀, tí èèyàn lè wọ inú rẹ̀ jókòó. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má gbìyànjú láti wo gbogbo rẹ̀ tán. Wákàtí mẹ́rin la lò, wákàtí kan àti ààbọ̀ nínú rẹ̀ ló jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ Mallard nìkan. Mo gbé ìpápánu dání, mo jókòó, mo jẹ́ kó ṣe é tẹ́rùn.

Sátidé ni ti Keighley. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé inú ibùdókọ̀ kan náà ni ẹ ó ti bọ́ sílẹ̀ nínú reluwé ìjọba tí ẹ ó sì wọ ti àtijọ́. Kò sí wàhálà bọ́ọ̀sì. Màílì márùn-ún péré ni ọ̀nà náà, láti Keighley dé Oxenhope, 1968 ni wọ́n sì tún un ṣí. Ìbùdó mẹ́fà ló wà lójú ọ̀nà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Ingrow, mùsíọ́ọ̀mù tó ní àwọn kọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wà níbẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Haworth tí ẹsẹ̀ yín bá lè gun òkè. Nígbà tí ọkọ̀ wa gbéra, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún fàkàfìkì, tí òórùn èédú wọlé láti ojú fèrèsé, mo rí i pé mo ti di ọmọ ọdún méje padà. Mo pe bàámi lórí fídíò. Wọn ò kí mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Gbé fóònù yẹn sísàlẹ̀, jẹ́ kí n rí irin wọn." Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Irin wọn fẹ̀ ju tiwa lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn la gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yára sọ àwọn ibi yòókù. Shildon, lẹ́yìn Darlington, tọ́ sí ọjọ́ kan: ibẹ̀ ni ẹ̀ńjìnì ti fa kọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án 1825, nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà irin Stockton sí Darlington. Mùsíọ́ọ̀mù ibẹ̀, Locomotion, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má fi Pickering mọ́ ohunkóhun mìíràn o. Reluwé ìjọba ò dé Pickering mọ́, bọ́ọ̀sì 840 láti Leeds tàbí York ni ẹ ó wọ̀, ọ̀nà irin tibẹ̀ sì gùn tó màílì 18 dé Grosmont, láàárín òkè àti igbó. Ọjọ́ kan gbáko nìyẹn. Tí òjò bá ba ètò jẹ́, ọ̀nà irin àtijọ́ kan, Middleton Railway, wà nínú Leeds níbẹ̀, òfin tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ti wà láti 1758. Ìrìn rẹ̀ kò gùn, ọmọ kékeré ló bá mu jù.

Ó wá ku ṣọ́ọ̀bù. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó gbéra, àní bí wẹ́ẹ̀bù bá sọ pé wọ́n ṣí. Ọjà náà ti le fún wọn. Àní Hattons, ṣọ́ọ̀bù reluwé ìṣeré tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Liverpool ní 1946, kéde ní oṣù kìíní 2024 pé àwọn ń kógbá sílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù, ẹnì kan tàbí méjì ló ń dá a ṣe, tí òtútù bá mú wọn, ṣọ́ọ̀bù tì nìyẹn.

Ẹ mọ ìwọ̀n irin tí ẹ ní nílé kí ẹ tó náwó. Ní Britain níbí, méjì ló wọ́pọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni OO: ìdá kan nínú 76 ọkọ̀ gidi ni wọ́n ṣe ọkọ̀ rẹ̀, àlàfo àárín irin méjèèjì sì jẹ́ mìlímítà 16.5. Èkejì ni N, ìdá kan nínú 148, irin tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà 9 péré. Èmi ni mo ra orí ọkọ̀ N kan tó rẹwà nínú àpótí àlòkù (nílé, tòkúnbọ̀ là bá pè é), mo dé Manchester, ọmọ mi gbé e lé irin OO tirẹ̀, àwọn táyà rẹ̀ rọ̀ sáàárín bí adìyẹ tó há sínú ọgbà. Ó ṣì wà lórí tẹlifíṣọ̀n wa, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́. Ẹ ya fọ́tò irin yín àti ti kọ̀ńtírólà, ìyẹn ohun tí ẹ fi ń darí ọkọ̀, ẹ gbé e dání. Tí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ HO sí, ó máa rìn lórí irin OO lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú 87 ni, ó máa dà bí àbúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù. Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí irin ìdánwò kí ẹ tó sanwó. Ṣọ́ọ̀bù gidi kì í kọ̀.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà, mo bi bàbá tó ni ín bóyá ó ní reluwé Nàìjíríà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá, kò sí ẹni tó ń ṣe é fún títà. Mo wá sọ ohun tí bàámi sọ nípa irin. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fa ìwé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Irin àtijọ́ tiwa fẹ̀ tó mìlímítà 1,067, ti Britain sì jẹ́ 1,435. Tí ẹ bá pín 1,067 sí ọ̀nà 64, ẹ ó bá mìlímítà 16.7. Ìyẹn ni pé irin OO tí ọmọ mi ti ní nílé fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwa mu gẹ́lẹ́, bí a bá fi ìwọ̀n ìdá kan nínú 64 kọ́ ọkọ̀ náà. Àwọn ará New Zealand àti South Africa, tí irin wọn fẹ̀ bíi tiwa, ti ń lo ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ó ní ohun tó pa òun lẹ́rìn-ín ni pé irin OO ò tiẹ̀ bá ti Britain mu dáadáa, ó tín-ín-rín jù. Ohun tí mo bá jáde kì í ṣe ẹ̀ńjìnì olówó ńlá: páálí funfun, gọ́ọ̀mù, àti táyà kọ́ọ̀ṣì méjì. Kò tó £20. Nínú gbogbo ohun tí a rà, òun ni ọmọ náà fẹ́ràn jù.

A ti kọ́ kọ́ọ̀ṣì kan báyìí, èyí tí gáàdì máa ń jókòó sí lẹ́yìn. A fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Òṣogbo. Ní December, a ń lọ sílé, a ó wọ reluwé tuntun láti Ebute Metta lọ sí Ìbàdàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, tí ìbú irin tirẹ̀ bá ti Britain mu. A ó yà wo Jaekel House, ilé reluwé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1898, tó ti di mùsíọ́ọ̀mù. Mo ti wo àkókò tí ọkọ̀ yẹn ń rìn kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Bàámi ní kí a gbé kọ́ọ̀ṣì páálí náà dání wá, nítorí ibi tí a fi ilẹ̀kùn sí kò tọ̀nà, àwọn á sì fi ibi tó yẹ kó wà hàn wá.