Táyà bẹ́, owó lọ, àmọ́ mo rí òkúta abilà Dwars River

Láti Johannesburg dé Middelburg, ní South Africa, kò sí wàhálà. Ọ̀nà R555 tó lọ sí Steelpoort ni kí ẹ bá mi bú. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó òkúta kúrómáìtì ti gbẹ́ ẹ bí ìgbà tí adìẹ bá tú ilẹ̀. Kòtò kan ló bẹ́ táyà wa. Fọgánáísà tó wá gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ó mọ̀ pé àlejò ni wá, ó ní 600 rándì. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àpáta bẹ̀ ẹ́ títí, ó gba 450. Àlẹ̀mọ́ kan ṣoṣo o! Ẹ yẹ táyà ìpààrọ̀ yín wò kí ẹ tó kúrò nílé. Tiwa ti pá bí orí bàbá arúgbó.

Mo ṣì ń ráhùn, pé ṣé torí òkúta la ṣe ń jìyà báyìí, tí a fi dé etí odò Dwars. Háà! Àpáta funfun bí ẹ̀kọ, ìlà dúdú bí èédú là á tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí aṣọ òfì. Níbòmíràn, ìlà kan á ya sí méjì, wọ́n á tún lọ pàdé níwájú. Dúdú yẹn ni kúrómáìtì, tí wọ́n fi ń ṣe irin tí kì í dípẹtà.

Ọ̀rẹ́ mi ní ó lé ní bílíọ̀nù ọdún 2 tí àpáta yíyọ́ ti ru gòkè, tó dúró sábẹ́ ilẹ̀ níbí bí adágún, tó ń tutù díẹ̀díẹ̀.

Mo bi í pé, "Ṣé kúrómáìtì kàn rì sílẹ̀ bí ògì inú garawa ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Kóró kúrómáìtì wúwo lóòótọ́, àmọ́ bí àpáta yíyọ́ bá ń tutù jẹ́ẹ́, ìwọ̀nba rẹ̀ ló ń dì, àárín àwọn kóró mìíràn ló sì ń wà. Nǹkan gbọ́dọ̀ da ìkòkò náà rú: kí àpáta yíyọ́ tuntun tú wọlé kó pò mọ́ ti àtijọ́, tàbí kó yọ́ àpáta tó yí i ká bí ògiri, tó kún fún sílíkà (èròjà inú iyanrìn), mọ́ra. Kúrómáìtì nìkan ló máa dì fún sáà kan, òun náà ló ń di ìlà. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní agbára tó ń tẹ àpáta yíyọ́ náà mọ́lẹ̀ ló yí padà, òun ló fà á. Wọn ò tíì jà á tán. Kúrómáìtì ti inú mantle, ìpele àpáta tó wà lábẹ́ èèpo ilẹ̀ ayé, bíi ti Oman àti Cyprus, kì í tẹ́ lọ báyìí. Ní ìṣù ìṣù ló ń wà nínú òkúta kan tí wọ́n ń pè ní dunite.

Ẹ má mú òòlù lọ síbẹ̀ o, wọ́n ń dáàbò bo ibẹ̀ ni. Nígbà tí a ń padà, òkúta dúdú kan já bọ́ lára ọkọ̀ akẹ́rù iwájú wa. A dúró, mo he é. Kékeré ni, àmọ́ ó wúwo bí irin. Ó wà lórí tábìlì mi báyìí. 450 rándì ni mo kà á sí.