Epo mélòó ni bàálù yẹn rù?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá òjò dá mi dúró sílé, ni mo bá tún lọ hú Lost, eré orí tẹlifíṣọ̀n kan, jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó, ẹ fara dà á fún mi díẹ̀. Bàálù kan, Oceanic 815, gbéra ní Sydney, ó ń lọ sí Los Angeles, ló bá já sí erékùṣù kan, àwọn tí kò kú níbẹ̀ wá ń wá bí wọn yóò ṣe yè é. ABC ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní 2004, ó sì parí ní 2010. Ìparí rẹ̀ bí mi nínú, mi ò ní dá sí i. Apá kan ni mo máa ń padà sí: apá kẹwàá nínú síísìn kejì, The 23rd Psalm, tó jáde lọ́jọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 2006.

Èmi ò rí i nígbà náà. Ní 2009 ni mo ra sídì rẹ̀ ní ọjà Agbálátà, sídì kan tó máa ń há láàárín bí ẹni tó ń kólòlò. Nínú pálọ̀ Màámi ní Àgbádárìgì níbí la ti wò ó, èmi, Màámi àti Bọ̀ọ̀dá mi.

Orúkọ ló mú Màámi jókòó. Ọkùnrin gìrìpá kan wà níbẹ̀ tó máa ń mú ọ̀pá dání, tó ń fín ẹsẹ Bíbélì sí i lára. Ọmọ Nàìjíríà ni nínú eré náà, Mr. Eko ni wọ́n ń pè é. Òyìnbó kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, torí náà kálukú ló ń pè é bó ṣe wù ú. Èmi ní Èkó ni. Màámi ní ta ni yóò sọ ọmọ rẹ̀ ní Èkó, pé Ẹ̀kọ ni, àtìgbà náà ló ti di "Bàbá Ẹlẹ́kọ" lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ Yemi, ìyẹn ò mú àríyànjiyàn wá. Adewale Akinnuoye-Agbaje ló ṣe Eko, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London. Òun náà ló ṣe Adebisi nínú eré mìíràn, Oz, tó máa ń fi fìlà kékeré kan há ẹ̀gbẹ́ orí bíi pé atẹ́gùn fẹ́ gbé e lọ.

Nàìjíríà inú eré náà ò jọ ibi kankan tí mo mọ̀. Hawaii ni wọ́n ti yà á. Eruku ṣáá, ìlú tí kò lórúkọ.

Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀! Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ àwọn oníbọn já dé. Wọ́n mú bàbá arúgbó kan, wọ́n ki ìbọn bọ Yemi lọ́wọ́ pé kó yìn ín lù ú. Ọmọ ò lè ṣe é. Eko, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí òun náà ò tíì ju ọmọdé lọ, gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó yìn ín. Bí wọ́n ṣe mú un lọ nìyẹn. Ọ̀gá wọn já àgbélébùú ọrùn rẹ̀ jù nù, Yemi ló ṣà á.

Pálọ̀ dákẹ́. A ò wo ojú ara wa.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí Bàbá wa kú. Ọ̀sà tó wà níwájú wa yìí, béèyàn bá tẹ̀ lé e lọ síhà ìwọ̀ oòrùn, Àjàṣẹ́ ló máa já sí. Ẹni tó bá mọ ìlú yìí á mọ ohun tí wọ́n ń gbà á gbé lóru. Fàyàwọ́. Ìrẹsì ni ti àdúgbò wa. Ọ̀gá kan wá sílé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń wá ọmọ tí yóò máa gbọ́n omi inú ọkọ̀, ọmọ kékeré, kó má baà gba ààyè àpò. Èmi ló nawọ́ sí. Màámi ò lè fọhùn, gbèsè ìsìnkú ṣì wà nílẹ̀, ọkùnrin yìí gan-an la sì jẹ. Ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì ìgbọ́nmi lé mi lọ́wọ́, kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí wọ́n gé láàárín, tí etí rẹ̀ mú bí abẹ. Mo ti dìde. Bọ̀ọ̀dá mi ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ." Ọ̀gá ní ó ti tóbi jù. Bọ̀ọ̀dá mi ní, "Ẹ dín àpò kan kù." Ó fa kẹ́ẹ̀gì náà gbà láìwo ojú mi, etí rẹ̀ ya mí ní àtàǹpàkò. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ó ku oṣù mẹ́ta kí ó ṣe WAEC. Kò ṣe é. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi fàyàwọ́, owó ẹ̀ ni mo fi kàwé tí mo fi di tíṣà.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ìyókù. Eko di ọ̀daràn ńlá, Yemi di fadá. Eko fẹ́ fi bàálù kó heroin, oògùn olóró, kúrò nílùú, inú àwọn ère Màríà ni wọ́n kó o sí. Ó fipá mú àbúrò rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé tó máa sọ òun náà di fadá. Níbi tí bàálù ti fẹ́ gbéra, Yemi wá dá a dúró, àwọn sójà dé, ìbọn ba Yemi. Ẹnìkejì Eko gbé Yemi wọlé, ó ta Eko nípàá bọ́ sílẹ̀, bàálù sì lọ. Sójà bá Eko nínú aṣọ fadá, wọ́n pè é ní Fadá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, lórí erékùṣù yẹn, ó rí bàálù kékeré kan tó ti fọ́. Òkú tó wà nínú rẹ̀ ti gbẹ. Àgbélébùú ọrùn ló fi mọ̀ ọ́n.

Ó ka Sáàmù kẹtàlélógún níbẹ̀. Tíṣà ni mí, etí mi kì í gbójú fo àṣìṣe: ó yí ibì kan po, ó fi òjìji ṣíwájú àfonífojì. Inú mi dùn pé wọn ò tún un ṣe. Ọmọ tó kọ́ Sáàmù kí wọ́n tó kó ìbọn dé, ibo ni ì bá ti rí àyè há a délẹ̀?

Màámi ń sunkún. Mo yíjú sí Bọ̀ọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu mi.

Ó ní, "Bàálù kékeré yìí, láti Nàìjíríà dé ibí, epo mélòó ló rù?"

Mo ní erékùṣù náà wà láàárín Australia àti Amẹ́ríkà. Ó bínú. Ó ní èèyàn ò lè fi irú ẹ́ńjìnnì yẹn dé ibẹ̀ láì já sómi. Ó tún ní kí n dá a padà síbi tí Eko ti fọ́ ère. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹlẹgẹ́ báyìí! Ẹni tó kó ọjà sínú eléyìí ò fàyàwọ́ rí láyé ẹ̀." Màámi fi omijé rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

Ní síísìn kẹta ni èéfín dúdú, ẹ̀dá abàmì tó ń pa èèyàn lórí erékùṣù náà, pa Eko. Bọ̀ọ̀dá mi ò wò ó débẹ̀.

Àwọn àlejò tó ń lọ wo erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé kọjá báyìí. Mo pè é lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí òjò dá, mo ní mo tún ń wo Bàbá Ẹlẹ́kọ. Ẹ́ńjìnnì ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ó ní láti pariwo.

"Ṣé wọ́n ti sọ ibi tí wọ́n ti ra epo?"