Láti Táńkì Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀: Bí Ọkọ̀ Bẹntiróòlù Ṣe Lè Máa Jẹ Ẹtánọ́ọ̀lù

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yí ọkọ̀ bẹntiróòlù padà kó máa jẹ ẹtánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí líle tí wọ́n ń lò bí epo ọkọ̀, kábúrétọ̀ tàbí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ojú ọ̀nà tí epo ń gbà dé inú ẹ́ńjìnnì ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Rọ́bà á wú, fíltà á dí, pọ́ọ̀ǹpù á kú, ọkọ̀ á dúró sójú títì, àwọn èèyàn á wá máa sọ pé epo náà ni kò dára.

Inú táńkì àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi òjé bò. Ẹtánọ́ọ̀lù á máa jẹ òjé náà díẹ̀díẹ̀, á sì máa wọ́ ọ wá sínú fíltà. Síńkì tó wà lára kábúrétọ̀ máa ń yọ ìyẹ̀fun funfun. Kọ́ọ̀kì àti rọ́bà lásán kò lè bá a gbé rárá. Viton, Teflon, náílọ́ọ̀nù àti irin tí kì í dípẹtà ló ń farada á. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí wọ́n fi ṣe họ́ọ̀sì yín, ẹ dán an wò: ẹ gé èyí tó gùn tó ìka ọwọ́, ẹ fi kálípà wọn bó ṣe nípọn tó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ sínú ìgò ẹtánọ́ọ̀lù, kí ẹ dé e pa fún ọjọ́ 7. Bí ẹ bá yọ ọ́ tó wú, tó ń rọ̀ lọ́wọ́, tàbí tí ẹtánọ́ọ̀lù inú ìgò ti pọ́n bíi tíì, họ́ọ̀sì yẹn kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún gbogbo wáṣà rọ́bà tí ẹ bá yọ lára kábúrétọ̀.

Pọ́ọ̀ǹpù inú táńkì tún ní tirẹ̀. Iná mànàmáná ń gba inú ẹtánọ́ọ̀lù kọjá ju ti bẹntiróòlù lọ, torí náà ojú wáyà tó ṣí sílẹ̀ nínú táńkì máa ń tètè jẹ. Èyí tí wọ́n ṣe fún E85, ìyẹn àdàlù ẹtánọ́ọ̀lù ìdá 85 àti bẹntiróòlù ìdá 15, ni kí ẹ rà. Fíltà náà, ẹ ra mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan: ẹtánọ́ọ̀lù á fọ gbogbo ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ ara táńkì láti ọdún mélòó kan wá, fíltà ló sì máa gbà á. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn táńkì àkọ́kọ́, kí ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kẹta.

Ìgbà yìí la wá lè sọ̀rọ̀ ìwọ̀n epo. Kí bẹntiróòlù kìlógíráàmù 1 tó jóná tán, ó nílò afẹ́fẹ́ kìlógíráàmù 14.7. Ẹtánọ́ọ̀lù gidi nílò 9 péré, E85 sì nílò bíi 9.8. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà kò yí padà, nítorí náà epo ló gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i: nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 fún E85, àti ìdá 50 sókè díẹ̀ fún ẹtánọ́ọ̀lù gidi, bí a bá fi lítà wọ̀n ọ́n.

Àṣìṣe tó ti ba jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, jẹ́ jù wà níbí. Bí epo bá ní láti fi ìdá 40 pọ̀ sí i, gbogbo àyè ẹnu ihò jẹ́ẹ̀tì ni kó fẹ̀ ní ìdá 40, kì í ṣe ìbú rẹ̀ láti etí dé etí. Ìbú yẹn kò ní ju ìlọ́po 1.18 lọ. Jẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ mílímítà 1.20 á di 1.42 fún E85, á di 1.49 fún ẹtánọ́ọ̀lù gidi. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ dé 1.68 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ epo náà di ìlọ́po méjì, èéfín dúdú á sì sọ fún un. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí ìgbẹ́hò kékeré náà, ẹ má lo ẹ̀rọ. Ẹ má gbàgbé jẹ́ẹ̀tì kékeré tí ọkọ̀ fi ń dúró lórí ìdúró, àti pọ́ọ̀ǹpù kékeré tó ń tu epo nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́túlù, ìyẹn ìtẹ̀ tó ń mú ọkọ̀ sáré. Bí wọ́n bá kéré, ọkọ̀ á máa kọ́ wúkọ́ bí ẹsẹ̀ bá ti kàn án. Abẹ́rẹ́ ojú ọ̀nà epo nínú kábúrétọ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ pẹ̀lú. Bí kò bá fẹ̀, ọkọ̀ á dára nínú ìlú, á sì pebi lórí òkè.

Fún ọkọ̀ oníńjẹ́tọ̀, ìyẹn èyí tó ń lo ẹnu kékeré tó ń tu epo dípò kábúrétọ̀, kọ̀ǹpútà lè fi epo kún un dé bíi ìdá 25 nínú 100 fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà á tan iná ìkìlọ̀, sikánà á sì ka P0171 jáde. Ó túmọ̀ sí pé epo kéré, afẹ́fẹ́ pọ̀. Àpótí kékeré tí wọ́n ń so sáàárín wáyà ìńjẹ́tọ̀ lè mú kí ìńjẹ́tọ̀ ṣí pẹ́ sí i, àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Bí ìńjẹ́tọ̀ bá ti ń ṣí fún ìdá 80 nínú 100 àkókò lórí bẹntiróòlù nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ìlọ́po 1.4 rẹ̀ jẹ́ 112. Kò sí àkókò tó tó bẹ́ẹ̀. Ìńjẹ́tọ̀ tó tóbi jù ú lọ ló kù, pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà tí ẹni tó mọṣẹ́ tún ṣe. Géèjì tó ń ka afẹ́fẹ́ sí epo lè máa fi 14.7 hàn lórí ẹtánọ́ọ̀lù, nítorí pé bẹntiróòlù ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà rẹ̀. Ọkàn yín kò gbọ́dọ̀ dàrú: lambda 1, ìyẹn ìgbà tí afẹ́fẹ́ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú epo, ni lambda 1, epo yòówù kó jẹ́.

Táímìn, ìyẹn ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń tanná, náà fẹ́ àtúnṣe díẹ̀. Ọ́kítéènì ẹtánọ́ọ̀lù, ìyẹn agbára rẹ̀ láti má gbiná ṣáájú àkókò, ga, ó sì ń tutù bó ṣe ń di afẹ́fẹ́, torí náà kì í tètè kan kọ́-kọ́-kọ́. Ẹ fi dìgírì 2 síwájú, ẹ wa ọkọ̀ náà, ẹ tẹ́tí sí i, kí ẹ tó tún fi 2 mìíràn kún un.

Òtútù ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá lọ sísàlẹ̀ dìgírì 13 tàbí bẹ́ẹ̀, ẹtánọ́ọ̀lù gidi kò ní fún ẹ́ńjìnnì ní oru tó lè gbiná. Ní Bràsíìlì, níbi tí ọkọ̀ Fiat 147 ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ẹtánọ́ọ̀lù ní 1979, táńkì bẹntiróòlù kékeré kan ló máa ń wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láyé ìgbà yẹn láti fi tan ọkọ̀ lówùúrọ̀. Ọgbọ́n yẹn ṣì wúlò. Bẹntiróòlù ìdá 15 tó wà nínú E85 náà, iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe.

Omi ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹtánọ́ọ̀lù tó ní omi bíi ìdá 5 lè rìn nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti tún ṣe fún un, ṣùgbọ́n bí ẹ bá da díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú bẹntiróòlù púpọ̀, omi á kó ọtí náà lọ sí ìsàlẹ̀ táńkì, ibẹ̀ gan-an ni pọ́ọ̀ǹpù sì ti ń fà. Láti mọ ìdá ẹtánọ́ọ̀lù tó wà nínú epo tí ẹ rà, ẹ da omi mílílítà 10 sínú ìgò tó ní ìlà, ẹ fi epo kún un dé 100, ẹ dé e, ẹ mì í, ẹ fi sílẹ̀. Bí omi ìsàlẹ̀ bá ti di 19, bíi mílílítà 9 ẹtánọ́ọ̀lù ló wà nínú 90, ìyẹn ìdá 10. Ẹ má ra ọtí tí wọ́n ń fi tan ààrò: mẹ́tánọ́ọ̀lù, oríṣi ọtí mìíràn, wà nínú àwọn kan, ó sì ń jẹ irin ju ẹtánọ́ọ̀lù lọ.

Iná ẹtánọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú oòrùn. Ibi tí ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́, kí àgbá apaná onípáúdà wà ní àrọ́wọ́tó.

Epo tí ọkọ̀ ń jẹ á pọ̀: ọkọ̀ tó ń jẹ lítà 8 fún kìlómítà 100 á jẹ bíi 12 lórí ẹtánọ́ọ̀lù gidi. Bí ìrìn yín bá kúrú, tí ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó, ẹ wo ọ́ìlì lára igi rẹ̀. Bó bá ti funfun bíi mílíìkì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láìdúró de kìlómítà rẹ̀.

Lẹ́yìn kìlómítà 100, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì wò. Ẹtánọ́ọ̀lù kì í fi èérí púpọ̀ sílẹ̀, ara rẹ̀ á mọ́ ju bí bẹntiróòlù ṣe ń ṣe é lọ, torí náà ẹni tó fi àwọ̀ púlọ́ọ̀gì bẹntiróòlù ṣe òṣùwọ̀n lè máa fi epo kún un lásán. Géèjì lambda ni kí ẹ gbà gbọ́.